Ikú Kẹwàá Balógun Jagùnmólú

Láti Odi Àpárá títí dé etí òkun, kò sí ẹni tó mọ ikú kú bí èmi Akínsọjí. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo ti kú lórí odi yẹn, lójú gbogbo ayé, ní ọ̀sán gangan, kò sì sí ọdún tí mo kú tí àwọn òǹwòran kò ká ọwọ́ lérí. Mo mọ ikú tí ọkùnrin fi ń ṣubú sẹ́yìn. Mo mọ èyí tó fi ń kúnlẹ̀ kó tó dojú bolẹ̀. Ní ọdún kẹrin, mo tilẹ̀ kú lórí ìdúró fún odindi ìṣẹ́jú méjì kí n tó gbà láti ṣubú.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó tò sẹ́yìn mi nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ọdún Odi, níwájú ilé tí wọ́n ti ń pín ipa eré. Mo ní kí wọ́n má wò mí bí ẹni tó wá tò. Mo ní idà Balógun Jagùnmólú ni mo wá gbà, mo sì ti fẹ́ máa lọ. Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, mo fi kún un pé ìyàwó mi Ìbírónkẹ́, tó máa ń ṣe ìyàwó Balógun, ti sunkún lórí òkú mi lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, omijé gidi, kì í ṣe tojú ayé. Mo wá bi wọ́n léèrè, nínú gbogbo wọn, ọkùnrin wo ni ìyàwó rẹ̀ ti sunkún ikú rẹ̀ rí, tí ọkọ sì jókòó ti oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà?

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, Ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ tó ń ṣe adájọ́ ọdún wa, ti yọ.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni Ẹlẹ́rìí ní. Ó ga tó òpó iná, orí rẹ̀ sì dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Àwọn tó ṣe é fún un ní ohùn ìyá àgbà tó gbẹ̀kọ́, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ ẹ, yóò kọ́kọ́ bèèrè bóyá o sùn dáadáa. Ó kí mi. Ó bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Ó ní kí n na ọwọ́, ó so ẹ̀gbà mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́, ó wá sọ pé, “Akínsọjí, ọmọ mi, Jagun Òdìkejì ni ọ́ lọ́dún yìí.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́.

Ta ni Jagun Òdìkejì? Kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Òun ló kó ogun wá ká ìlú wa mọ́ láyé àtijọ́. Gbogbo ipa rẹ̀ kò ju kó dúró ní òdìkejì yàrà, kó máa wo bí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ Balógun lórí odi. Bí ìyàwó Balógun bá sunkún tán, àánú yóò ṣe Jagun, yóò ṣí fìlà, yóò sọ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé, “Ẹ jẹ́ ká lọ,” wọn yóò sì lọ. Báyìí ni ìlú wa ṣe bọ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn ni wọ́n sábà máa ń fún ní ipa yẹn.

Mo bèèrè ẹni tó fẹ́ ṣe Balógun. Ẹlẹ́rìí ní Gbọ́lágadé ni.

Gbọ́lágadé ni ọmọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ní àdúgbò wa. Èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, eyín rẹ̀ pé, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yìn mi gan-an ló tò sí. Bó ṣe gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú eruku. “Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n,” ó ní. “Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa.”

Ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan ẹ, kó kúkú nàró gbà á. Èyí tó ń gbà á lórí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, kò sí bí o ṣe fẹ́ gbá a létí.

Mo ní irọ́ ni. Mo ní kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ikú mi jáde, kí gbogbo ènìyàn rí i. Ẹlẹ́rìí ní kò sí wàhálà, ọmọ òun, ó sì tan àwòrán sára ògiri. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gbà ọwọ́ kì í purọ́. Ohun tí èèyàn bá ń ṣe lójú lásán, àwọ̀ eérú ló máa fi hàn. Èyí tó bá ti inú wá, àwọ̀ ewé ni. Àwọn bàbá ńlá wa ló ṣe òfin yẹn, lẹ́yìn ìgbà tí àwòrán irọ́ pọ̀ láyé wọn débi pé wọ́n ń sin ẹni tí kò kú, wọ́n sì ń bá òkú ṣàdéhùn ìpàdé. Mo wo ògiri. Ikú kìíní, eérú. Ikú kejì, eérú. Títí dé ìkẹsàn-án, eérú lórí eérú, bí ìdí àdògán.

Ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀gbà tèmi ti bàjẹ́ ni, kí wọ́n gbé ti ìyàwó mi wá, ẹkún rẹ̀ yóò jẹ́rìí mi.

Wọ́n gbé e wá. Eérú mẹ́sàn-án. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún kẹfà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan síbẹ̀: *Ẹ̀rín ló ń gbé mì.*

Nígbà tí mo dé yàrá ìmúra, Ìbírónkẹ́ ti jókòó síwájú dígí. Mo pè é ní Àwẹ̀ró, oríkì rẹ̀ tí mo máa ń pè é bí inú mi bá bàjẹ́, mo sì bèèrè ohun tí mo fi ṣe é tí kò fi lè sunkún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó ń ṣe ojú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, kò tilẹ̀ yíjú.

“Bàbá Ṣéwà, òkú wo ló ń sọ̀rọ̀? Lọ́dún tó kọjá, mo kúnlẹ̀ tì yín, ẹ ní kí n sún sẹ́yìn díẹ̀ kí àwọn ará òkè lè rí yín.”

Mo ní tèmi kọ́ nìyẹn, ti iṣẹ́ ni. Mo bi í bóyá yóò sunkún lọ́dún yìí. Ó ní òun ò mọ̀. Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó tẹjú mọ́ dígí, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un wé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kú fún obìnrin yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wàràwàrà, ni í wé gèlè fún òkú tèmi. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ka iye ìgbà tó fọwọ́ tọ́ gèlè náà, nǹkan kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ mí nínú àyà bí ológbò tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí.

Ìyá Ẹ̀ṣọ́ ló wá fà mí jáde. Òun ni olórí ọdún wa, ọmọ-ọmọ-ọmọ Balógun Jagùnmólú ni, ó sì ti ń ṣọ́ odi yẹn láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́bìnrin. Ó mú mi lọ́wọ́ dé etí yàrà, ó sì rán mi létí ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ̀gbà bá fi àwọ̀ ewé gbà lọ́jọ́ ọdún, inú ìwé ìtàn ló ń lọ, ó di bó ti rí nìyẹn. Ọdún méjì sẹ́yìn, ọkùnrin tó ń ṣe ìránṣẹ́ Balógun rí ọ̀kọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀rù bà á lóòótọ́, ó sá gba ẹ̀yìn odi lọ. Àwọ̀ ewé ni. Láti ọjọ́ náà ni ìtàn ti ń sọ pé ìránṣẹ́ náà sá, àwọn ẹbí rẹ̀ kò sì jókòó pẹ̀lú wa mọ́.

Bí mo bá ṣí fìlà mi pẹ̀lú ọkàn kan, kí ẹ̀gbà mi sì di àwọ̀ ewé, Ìyá Ẹ̀ṣọ́ ní òun yóò bá mi bẹ Ẹlẹ́rìí, idà lè padà sọ́wọ́ mi lọ́dún tó ń bọ̀. Bí mo bá ṣe ohun mìíràn, wọn yóò gba ìwé àṣẹ mi, n kò ní fẹsẹ̀ tẹ odi yẹn mọ́ àfi bí òǹwòran.

“Fìlà nìkan ni kí o ṣí, ọmọ mi,” ó ní. “Má ṣí nǹkan mìíràn.”

Ni mo bá kọjá sí òdìkejì pẹ̀lú ọgbọ̀n ọmọ ogun mi. Àwọn ará Ìlódò ló jókòó sẹ́yìn wa, nítorí àwọn ni ìtàn pè ní ọmọ Jagun. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń wá wo bí bàbá ńlá wọn ṣe ń lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n gbé ẹní àti oúnjẹ dání, wọ́n sì rọra jókòó bí ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní í borí.

Ogun bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹṣin irin sáré yí odi ká, ọfà oníkànrìnkàn fò, àwọn ènìyàn kígbe níbi tó yẹ kí wọ́n ti kígbe. Ọfà ba Gbọ́lágadé. Kò ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò yí, kò nawọ́ sí ọ̀run, kò pe orúkọ ìyá rẹ̀. Ó kàn ṣubú bí àpò ṣìmẹ́ńtì. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo bojú wo ẹ̀gbà rẹ̀ lórí pátákó ńlá tó wà lókè ẹnubodè: eérú. Inú mi tutù, mo tilẹ̀ ṣàánú rẹ̀.

Wọ́n wá gbé òkú náà tẹ́. Òfin ní koríko tó hù lára odi gan-an ni kí wọ́n fi ṣe ibùsùn òkú, bí àwọn bàbá wa ti ṣe. Kò sí ẹni tó ń mú àdá roko mọ́ nínú wa láti ìgbà tí bàbá bàbá mi wà lọ́mọdé, nítorí náà ẹ̀rọ mẹ́rin ni wọ́n rán lọ fi ọwọ́ irin wọn fa koríko. Èyí tó rẹwà jù lójú wọn ni wọ́n fà wá, ó ń tàn yòò bí wúrà nínú oòrùn. Wọ́n tẹ́ ẹ nípọn, wọ́n sì na Gbọ́lágadé lé e.

Ìyàwó mi gun odi, ó kúnlẹ̀ tì í. Ìyàwó Balógun kì í sọ̀rọ̀ lórí odi. Ó ní láti dákẹ́, kó sunkún, kó ṣí gèlè rẹ̀ bo ojú òkú. Bó bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n kí Ẹlẹ́rìí tó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ náà lọ nìyẹn. Mo ń retí eérú kẹwàá.

Òkú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Mo fẹ́ sọ fún un láti òdìkejì pé ó ti pẹ́ jù, pé ó ti kú ná. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀n yẹn kì í ṣe ìgbọ̀n tí wọ́n kọ́ ènìyàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ta, èkejì ta. Ó di eyín pọ̀, ó di ojú pọ̀, omi yọ níbi tó ti di ojú. Ó ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí ń bá jà pé òun fẹ́ jáde, tí òun sì ní kò ní í jáde. Mo wo pátákó. Àwọ̀ ewé.

Ọdún mẹ́sàn-án, àti ìdúró ìṣẹ́jú méjì mi, àti gbogbo orúkọ ìyá tí mo pè.

Èyí sì kéré. Ìbírónkẹ́ gbé orí òkú náà sórí itan. Kò gbé orí mi rí, ó ní ó wúwo. Ó fọwọ́ ra á lọ́rùn, ó ra á léjìká, kíákíá, kíákíá, bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ra ẹ̀mí padà sí i lára. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ kan náà nu ojú ara rẹ̀. Ẹkún bá dé. Kì í ṣe èyí tó máa ń fi ìka kan nù fún mi. Ojú méjèèjì ń ṣomi, imú ń ṣomi, ètè rẹ̀ wú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò sì lè sọ̀rọ̀. Àwọ̀ ewé tàn lórí pátákó débi tó fi gún mí lójú. Gbọ́lágadé tó ti kú na ọwọ́, ó di ọwọ́ ìyàwó mi mú, ó sì fún un pinpin. Ìyàwó mi náà fún un padà.

Lẹ́yìn mi, àwọn ará Ìlódò ń sunkún. Ìyá kan láàárín wọn ní ó mà ṣe o, ẹ wo bí obìnrin yẹn ṣe fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ tó.

Mo ti ṣí fìlà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ọ́ bí ẹni pé mi ò gbìyànjú. Fìlà ti wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tó kù kò ju ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Mo la ẹnu láti sọ pé ẹ jẹ́ ká lọ. Mo rí idà mi, mo rí ọdún tó ń bọ̀. Mo rí ọwọ́ méjì yẹn tó di ara wọn mú. Mo rí ara mi nílé lálẹ́ níwájú oúnjẹ, tí èmi àti obìnrin yẹn jọ máa jókòó, tí n ó sì máa wo ọwọ́ rẹ̀ bó ti ń bu òkèlè.

Mo bẹ́ sínú yàrà.

Omi dé àyà mi, ó tutù, n kò tilẹ̀ fiyè sí i. Mo kàn ń gbọ́ pì, pì, pì lẹ́yìn mi. Àwọn ọgbọ̀n ọmọ ogun mi rò pé àṣẹ tuntun ni. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n ti ń kó ogun wá tí wọ́n sì ń kó o lọ láìlu ẹnikẹ́ni, nítorí náà tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ lé mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú wa kò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, nítorí kò sí ibì kankan nínú ìtàn tí wọ́n ti kọ́ wọn láti jà lẹ́yìn òkú. Wọ́n yà fún wa.

Mo gun odi, mo fa Gbọ́lágadé lọ́rùn aṣọ. “Dìde, olè,” mo ní.

“Ẹ̀gbọ́n,” òkú náà dá mi lóhùn, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi kúrò níbí.”

Mo ní kò ní í lọ ibì kan. Mo gbé e lulẹ̀, òun náà rọ̀ mọ́ mi, a bá yí gbirigbiri lórí koríko olówúrà yẹn. Ìyàwó mi ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe àmì sí mi, mo sì rí i pé olólùfẹ́ rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ara mi gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi láti ọrùn dé ìbàdí. Mo ti gbọ́ pé owú máa ń jó ènìyàn, àṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀gbà ọwọ́ mi tan àwọ̀ ewé kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

Ẹlẹ́rìí fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn wá. “Ẹ kú ìjà o, ẹ̀yin ọmọ mi,” ó ní, ó sì ní kí gbogbo wa dákẹ́.

Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òun dé Odi Àpárá, òun kò tíì rí ohun tó ti inú ènìyàn wá tó báyìí. Ó ní nítorí náà, bí ogun náà ṣe lọ gan-an nìyí: Jagun Òdìkejì rí ìyàwó Balógun, owú mú un, ó la yàrà kọjá, odi sì ṣubú. Lórí ẹnubodè, àwọn lẹ́tà tó ti ń sọ fún àlejò pé ìlú tí a kò ṣẹ́gun rí nìyí bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ẹ̀ṣọ́ wá ẹṣin irin kan, ó jókòó lé e. Àwọn ará Ìlódò ti ń rọ́ kọjá lórí afárá pẹ̀lú ẹní wọn. Alàgbà kan nínú wọn ti ń fi ìṣísẹ̀ wọn ẹnubodè, ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ilẹ̀kùn yìí kò ní í dára ní àwọ̀ yìí.

Èmi ńkọ́? Kí n má parọ́, orí mi wú. Láàárọ̀, eérú mẹ́sàn-án ni mí. Ní ọ̀sán, mo ti gba ìlú. Mo nàró lórí odi, mo ń họ ọrùn bí aṣẹ́gun ti í ṣe. Mo wo Gbọ́lágadé, òun náà kò rẹ̀wẹ̀sì rárá. Òun ló kú jù nínú gbogbo ẹni tó ti kú níbẹ̀, ó sì ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyàwó mi. Ògo mi bá gbẹ lójú ẹsẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi odindi ìlú ṣe, bó bá jẹ́ ọkùnrin yẹn ló ni ẹkún ìyàwó mi?

Ẹlẹ́rìí ní ó ku ohun kan kí òun tó fi èdìdì dì í. Ẹni tó sunkún ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó sunkún fún, kí ìtàn lè mọ̀ ọ́n. Ó yí orí ìkòkò rẹ̀ sí Ìbírónkẹ́.

“Ọmọ mi, ta ni o sunkún fún?”

Gbọ́lágadé tún aṣọ Balógun ṣe lọ́rùn, ó gbé àgbọ̀n sókè. Ìyá Ẹ̀ṣọ́ pa ojú dé. Alàgbà Ìlódò dúró lórí ìṣísẹ̀ kẹsàn-án. Èmi kò lè wo ojú ìyàwó mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wò. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó parọ́ níwọ̀nba, kó dárúkọ mi, kó tilẹ̀ ní òkú mi ọdún kẹrin ló rántí.

Ìbírónkẹ́ fi etí gèlè fọn imú. Ó fara balẹ̀ họ orúnkún kan, ó họ èkejì. Ó wo èmi tí mò ń họ ọrùn, ó wo Gbọ́lágadé tó ń họ ẹ̀yìn, ó wo ọgbọ̀n ọmọ ogun mi tí àwọn náà ti bẹ̀rẹ̀.

“Mi ò sunkún fún ẹnikẹ́ni,” ó ní. “Wèrèpè lẹ tẹ́ sábẹ́ òkú.”